Kóró Kòkó Orí Ewé

Ewé kòkó gbígbẹ kan ni wọ́n tẹ́ sí ìdí igi kòkó kan létí oko. Orí ewé náà ni wọ́n kó kóró kòkó jọ sí gègèrè, kò sí ẹyọ kan tó já bọ́ sílẹ̀. Èèpo tí wọ́n fọ́ sí méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ Sátidé ni èèrà ti ń rìn lórí wọn, nítorí àárọ̀ Mọ́ńdè ni Catherine Akíndùró tó dé ibẹ̀. Ó lóṣòó tì wọ́n, ó ń wò wọ́n bí ẹni ń ka lẹ́tà.

"Ọ̀rọ̀ yìí ò le rárá, Mádàámù," ni Sájẹ́ǹtì Olúwaṣẹ́gun wí. Ó nawọ́ sí igi ńlá kan tí kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ. "Ara igi yẹn ni kámẹ́rà wà. Ibí yìí ni olè jókòó sí, ó ń jẹ kòkó, ó ń dúró kí àyè ṣí sílẹ̀. Ta ló ń jẹ kòkó bí kò ṣe ará oko kòkó? A sì ti mú un. Ó kù kí ẹ fọwọ́ sí ìwé."

"Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ máa ń gbin kòkó?"

"Rárá mà. Káṣú la mọ̀, àti máńgòrò."

"Ó hàn," ni Catherine wí, ó sì tún tẹjú mọ́ kóró náà.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni Catherine, Àkúrẹ́ ni wọ́n ti rán an wá. Ọmọ ìlú Aládé ni, ní ẹsẹ̀ òkè yìí gan-an. Ó ti lé díẹ̀ ní ẹni àádọ́ta ọdún, orúnkún òsì rẹ̀ sì ti ń bá a ṣe gbólóhùn asọ̀ láti ìgbà díẹ̀. Ẹni tí orúnkún ń dùn kò yẹ kó gun Òkè Ìdànrè, àtẹ̀gùn tó lé ní ẹgbẹ̀ta, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọba kì í béèrè orúnkún. Gbogbo ibi ìsinmi tó wà lójú ọ̀nà ló ti jókòó, ó sì bú ẹni tó kọ́ àtẹ̀gùn náà nínú ọkàn rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan.

Ṣùgbọ́n ó dé òkè tán, ó gbàgbé èébú. Àpáta yí i ká, wọ́n tẹ́jú, wọ́n ga, omi ìsun ń ṣàn tẹ́ẹ́rẹ́ lára wọn. Níwájú, páànù ilé Odode rèé nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, pupa fòò. Lẹ́yìn, níbi tí òkè ti ń rọ̀ wálẹ̀ sí ìhà kejì, igbó ni, lẹ́yìn igbó ni àfonífojì kòkó. Àwòdì kan ń rábàbà lókè láìju apá. Inú Catherine dùn, ó sì bínú sí ara rẹ̀ pé ọ̀ràn olè ló tó gbé òun padà wá síbẹ̀.

Ọ̀ràn náà rèé. Obìnrin onímọ̀ kan, Dókítà Olúyínká, ló so kámẹ́rà mọ́ igi yẹn láti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn. Kámẹ́rà náà máa ń ya àwòrán fúnra rẹ̀ bí ohunkóhun bá kọjá níwájú rẹ̀: ẹtu, ọ̀bọ, òfàfà, ènìyàn. Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn àlejò méjìlá gun òkè láti Àkúrẹ́ wá wo àpáta àti ẹranko. Dókítà ṣèlérí fún wọn pé òun yóò ṣí kámẹ́rà náà lọ́sàn-án, òun yóò sì fi gbogbo àwòrán inú rẹ̀ hàn wọ́n lẹ́sẹ̀ òkè. Nígbà tó máa fi padà débẹ̀ ní aago méjì, igi nìkan ló bá.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àwọn ọlọ́pàá rí okùn kámẹ́rà. Ó wà lára igi ìdáná Fàsílátù, ìyàwó Adésànyà. Adésànyà yìí ló ń tọ́jú oko kòkó tó wà ní àfonífojì lẹ́yìn òkè, oko olóko, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni ọ̀nà inú igbó tó gba ìdí kámẹ́rà kọjá já sí. Wọn ò tún béèrè nǹkan mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n gbé e jù sí àtìmọ́lé.

"Ẹ fún mi ní okùn yẹn," ni Catherine wí.

Sájẹ́ǹtì yọ ọ́ nínú ọ̀rá. Catherine gbé ojú tí wọ́n ti gé e sókè sí oòrùn. "Adésànyà ní àdá?"

"Àgbẹ̀ wo ni ò ní àdá, mà? Tirẹ̀ mú bí abẹ."

"Kí ló dé tí ẹni tó ní àdá tó mú bí abẹ fi ń rẹ́ okùn yìí títí, bí ẹni fi eyín já awọ ẹran? Wo bó ṣe rí jágajàga. Nǹkan kékeré ni wọ́n fi gé e. Kòkó yìí náà, ara òkúta ni wọ́n fọ́ ọ mọ́. Omi rẹ̀ ti gbẹ mọ́ òkúta níbí." Ó dìde, orúnkún rẹ̀ dún. "Ẹni tó jókòó síbí ò mú àdá lọ́wọ́, Sájẹ́ǹtì."

Ó rọra ká ewé náà mọ́ kóró inú rẹ̀, ó fi wọ́n sínú ọ̀rá mìíràn. Sájẹ́ǹtì ń wò ó bí ẹni ń wo àgbà tó ń ṣa òkúta wẹ́wẹ́ sápò.

*

Fàsílátù jókòó sábẹ́ igi níwájú àgọ́ ọlọ́pàá ní Odode, abọ́ oúnjẹ wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, wọn ò jẹ́ kó gbé e wọlé. Ó kúnlẹ̀ bí ó ti rí Catherine. Catherine gba abọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e wọlé fún ọkọ rẹ̀. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni nídìí káńtà.

Adésànyà jẹ́ ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́, ará Ìjẹ̀bú-Igbó. Kò fọwọ́ kan oúnjẹ.

"O mọ̀ pé kámẹ́rà wà lára igi yẹn?"

"Mo mọ̀ mà. Dókítà fúnra wọn ló fi hàn mí. Wọ́n ní bí mo bá ń kọjá kí n máa kí i."

"O máa ń kí i?"

"Mo máa ń juwọ́ sí i mà. Láràárọ̀." Ojú tì í díẹ̀. "Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ ni. Ṣùgbọ́n kò sí ẹlòmíràn tí à ń kí lójú ọ̀nà yẹn."

"Okùn rẹ̀ ńkọ́? Báwo ló ṣe dé ìdí igi ìdáná?"

"Ìyàwó mi ló rí i lójú ọ̀nà, nísàlẹ̀ àpáta. Ó ní okùn dáadáa ni, ó fi di igi. Ẹ gbà mí mà, bí mo bá jí nǹkan, ṣé ẹ̀yìnkùlé ni n ó gbé e sí kí gbogbo ayé lè rí i?"

Catherine ṣí ìwé rẹ̀. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ó dà bíi pé ó kàn fẹ́ tàkúrọ̀sọ. "Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ọ́ lóko, o máa ń fọ́ kòkó fà mu?"

"Ta ni kì í fà á mu?"

"Tí o bá fà á tán, kóró rẹ̀ ńkọ́?"

Adésànyà wò ó bí ẹni tí wọ́n bi léèrè ohun tí à ń fi ẹnu ṣe. "Inú agbọ̀n mi ni mà. Níbo ni ì bá tún lọ?"

"O ò lè kó o sórí ewé nídìí igi?"

"Fún ta ni? Èmi náà ni màá tún padà wá kó o."

Catherine kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Ó fẹ́ máa lọ, ni Adésànyà bá pè é.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà. Ìyá olóko ti ránṣẹ́. Wọ́n ní bí n kò bá jáde títí Ọjọ́rú, àwọn yóò gbé oko fún ẹlòmíràn. Kòkó ti pọ́n, mà. Bí wọn ò bá ká a, yóò dúdú sórí igi. Ọdún mẹ́tàlá ni mo ti wà nínú oko yẹn. Ibẹ̀ ni mo ti bí ọmọ mi méjèèjì." Omi lé sí ojú rẹ̀, kò nù ún.

Ó wu Catherine kó ṣèlérí fún un. Kò ṣe é, nítorí ìlérí ọlọ́pàá ti ba ayé ẹni púpọ̀ jẹ́. "Jẹun," ló wí, ó sì jáde.

*

Prosper, amọ̀nà tó kó àwọn àlejò náà gun òkè, jẹ́ ẹni tí ẹnu rẹ̀ ò gbé ilẹ̀. Nǹkan mẹ́ta ni Catherine bi í, ó dáhùn mẹ́sàn-án. Lọ́jọ́ Sátidé, bí wọ́n ti dé ìlú àtijọ́ lórí òkè, gbogbo wọn dúró síwájú ilé kóòtù àtijọ́, ó ń sọ ìtàn bí àwọn baba ṣe sọ̀kalẹ̀ lọ tẹ Odode dó. Ojú gbogbo ènìyàn wà lára rẹ̀, nítorí náà kò lè jẹ́ òun ni olè, ó sì sọ èyí lẹ́ẹ̀mẹta.

"Ta ni ojú rẹ̀ ò sí lára rẹ?" ni Catherine bi í.

Mẹ́ta ni. Ẹwàolúwa, òṣìṣẹ́ báńkì, ti lọ ṣe fídíò. Jemima, nọ́ọ̀sì, kò lè mí dáadáa, ó ti jókòó sí ibi ìsinmi kẹta. Dominic, agbẹjọ́rò, ní òun fẹ́ gba ìpè, ó sì gba ẹ̀yìn kóòtù lọ.

Catherine yọ fóònù rẹ̀. Ó ti gba ẹ̀yìn kóòtù yẹn kọjá láàárọ̀. "Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì wà níbẹ̀?"

"Lẹ́yìn kẹ̀? Kò sí, mà. Iwájú ló wà, níbi tí a ti ń rí Odode. Gbogbo ẹni tó ń gun òkè ló mọ̀."

Nígbà tí Prosper lọ tán, Sájẹ́ǹtì kò lè mú un mọ́ra mọ́. "Mádàámù, ẹ là mí lóye. Kí ni kóró kòkó sọ fún yín?"

"Àṣà wa nílé kòkó rèé. Bí òùngbẹ bá gbẹ ọ́ lójú ọ̀nà, o lè wọ oko ẹni tí o kò mọ̀ rí, kí o já ẹyọ kan, kí o fà á mu. Kò sí ẹni tó máa mú ọ. Ṣùgbọ́n kóró inú rẹ̀, olóko ló ni ín. Wàá tẹ́ ewé, wàá kó o jọ sí ìdí igi, kí olóko lè bá a níbẹ̀. Ẹni tó bá da kóró nù, olè pátápátá ni. Mo dà á nù lẹ́ẹ̀kan nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ìnà tí ìyá mi nà mí ṣì wà lára mi."

"Nítorí náà..."

"Nítorí náà kì í ṣe Adésànyà. Ẹni tó wà lóko tó ń tọ́jú kì í ṣe àlejò níbẹ̀, inú agbọ̀n rẹ̀ ni kóró ń lọ. Kì í sì í ṣe ará ìlú ńlá tí kò mọ kòkó, irú wọn á tu ú dànù. Ẹni tí a ń wá jẹ́ àlejò lóko náà, ṣùgbọ́n ọmọ ilé kòkó ni."

"Olè ọmọlúàbí!" Sájẹ́ǹtì bú sẹ́rìn-ín.

Catherine kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀rù ba orí rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe ohun tí wọ́n kọ́ ọ. Nǹkan mìíràn tún wà. Kóró yẹn tó ogójì. Ó pẹ́ kí ènìyàn tó fà wọ́n mu tán. Olè tó wá jí nǹkan á jí i, á sá. Eléyìí jókòó, ó ń rò ó. Ohun tó wà nínú kámẹ́rà yẹn ń dun ẹnì kan, Sájẹ́ǹtì."

*

Lọ́jọ́ Túsídè, wọ́n pe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá sí ẹsẹ̀ òkè, sábẹ́ igi fúrúùtù tó wà lẹ́nu géètì. Sájẹ́ǹtì ti yan ẹni tí òun fura sí: Ẹwàolúwa. Ó ti rí fídíò ọ̀bọ kan tí ọmọbìnrin náà gbé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì nírọ̀lẹ́ Sátidé, ó sì dá a lójú pé inú kámẹ́rà Dókítà ló ti jí i.

"Níbo lo ti rí ọ̀bọ yìí?" Ó na fóònù sí i lójú.

"Lórí ilé àtijọ́ kan, sà. Mò ń ṣe fídíò ara mi, ló bá já wálẹ̀, ó gba bisikíìtì lọ́wọ́ mi. Àbẹ́ẹ̀gì, ẹ wò ó parí."

Wọ́n wò ó parí. Ọwọ́ Ẹwàolúwa tó kun èékánná ni ọ̀bọ náà ti ń gba bisikíìtì, igbe ọmọbìnrin náà sì gba gbogbo òkè kan. Kámẹ́rà ara igi kì í pariwo. Sájẹ́ǹtì dá fóònù padà jẹ́jẹ́.

Jemima ní òun kò kúrò ní ibi ìsinmi kẹta. Kò sí ẹlẹ́rìí. Dominic ní ìpè oníbàárà lòun lọ gbà. Ọkùnrin tó mọ́ tónítóní ni, ẹni ogójì ọdún, bàtà rẹ̀ ń dán.

"Ọmọ Tíṣà Ọláfẹ́mi ti Odode ni yín?" ni Catherine bi í.

"Bẹ́ẹ̀ ni mà. Ṣùgbọ́n wọ́n tètè rán mi lọ sí ilé ìwé ní Èkó. Mi ò fi bẹ́ẹ̀ mọ nǹkan kan nílé mọ́."

"Ẹ ò mọ oko?"

"Oko kẹ̀, mà?" Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Oòrùn ti mú. Catherine ṣí agbọ̀n kékeré kan tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó yọ kòkó mẹ́ta tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. "Ẹ má bínú pé a dá yín dúró. Fàsílátù ló já èyí wá kí wọ́n lè ṣàánú ọkọ rẹ̀. Ẹ fi pa òùngbẹ."

Ẹwàolúwa yí tirẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún títí Sájẹ́ǹtì fi bá a fọ́ ọ. "Èyí ni wọ́n fi ń ṣe ṣokoléètì?" Ó fà á, ó dùn mọ́ ọn, ó sì ń tu kóró kiri ilẹ̀ bí ẹni ń tu egungun ẹja. Jemima jẹ kóró mọ́ ọn, ojú rẹ̀ fún pọ̀. "Áà! Ó korò o!" Ó yí ìyókù sínú bébà, ó jù ú sínú garawa ìdọ̀tí. Àwọn obìnrin méjèèjì ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́.

Dominic gba tirẹ̀. Ó gbá a mọ́ etí pèpéle lẹ́ẹ̀kan, ó yí i, ó tún gbá a, ó là sí méjì gẹ́rẹ́, kò sí kóró kan tó fara pa. Ó fà ẹyọ kan mu, ó fi kóró sí àtẹ́lẹwọ́ òsì. Ó fi èkejì tì í. Ojú rẹ̀ wà lọ́dọ̀ Ẹwàolúwa, ó ń rẹ́rìn-ín sí ohun tí ó ń sọ. Nígbà tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kún, ó tẹ̀ba láì wò, ó mú ewé fúrúùtù kan tó ti já bọ́ sílẹ̀, ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì rọra da kóró rẹ̀ lé e lórí.

Ìgbà yẹn ni ó tó wo ohun tó ṣe. Ó gbójú sókè, ojú rẹ̀ bá ti Catherine pàdé.

Catherine kò láyọ̀. Àwọn mìíràn nídìí iṣẹ́ yìí máa ń láyọ̀ bí ọwọ́ wọn bá tẹ ẹni tí wọ́n ń wá, ṣùgbọ́n ohun tó rí níwájú rẹ̀ ni ọmọ tí ẹnì kan kọ́ dáadáa, àánú rẹ̀ sì ṣe é.

"Lọ́yà," ló wí, "ẹ jẹ́ ká rìn díẹ̀."

*

Wọ́n gun àtẹ̀gùn dé ibi ìsinmi àkọ́kọ́, wọ́n jókòó. Alángbá kan ń jó orí jó ìrù lórí àpáta níwájú wọn.

"Kóró lásán ni, mà," ni Dominic wí. "Kò sí kóòtù tó máa gbà á."

"Òótọ́ ni. Kóòtù ò ní gbà á. Kóòtù lè gba ọ̀bẹ kékeré tó wà lára kọ́kọ́rọ́ yín yẹn, bí fọ́nrán okùn bá ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó sì lè fẹ́ mọ bí ẹ ṣe gba ìpè níbi tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò sí. Ṣùgbọ́n mi ò tíì ń sọ̀rọ̀ kóòtù. Fàsílátù ló já kòkó tí ẹ jẹ tán yìí. Ọkọ rẹ̀ ń sun ilẹ̀ fún nǹkan tí kò ṣe. Lọ́la ni wọ́n máa gba oko lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀yin tí ẹ kò lè da kóró kan nù, báwo lẹ ṣe da ènìyàn nù?"

Dominic bo ojú. 

"Bàbá mi ni, mà. Ní ọjọ́ Àjíǹde, mo rí wáyà lábẹ́ ibùsùn wọn. Ó pọ̀. Irú èyí tí wọ́n fi ń dẹ ẹran nínú igbó tí ìjọba ní kí wọ́n má dẹ. Mo mọ̀ pé ọ̀nà igbó yẹn ni wọ́n ń gbà rìn láràárọ̀, wọ́n ní àwọn ń gbàdúrà. Nígbà tí Dókítà ní òun máa fi àwòrán hàn gbogbo ènìyàn, mo lọ ṣí kámẹ́rà náà wò. Mo rí wọn, mà. Ẹtu wà nílẹ̀ níwájú wọn, wáyà wà lọ́wọ́ wọn. Katikíìsì ìjọ. Tíṣà tó kọ́ ìdajì ìlú yìí. Mo pa á dé. Mo jókòó sábẹ́ kòkó, mo ń rò ó. Lẹ́yìn náà mo gé e, mo ju okùn sísàlẹ̀ àpáta."

"Adésànyà ńkọ́?"

"Mo rò pé wọ́n á kàn bi í léèrè, wọ́n á fi í sílẹ̀." Ó gbójú kúrò lára Catherine. "Irọ́ ni. Mi ò rò ó rárá. Mo ń rò ti bàbá mi."

"Ẹ wo àwòrán tó kù?"

"Mi ò lè wò ó. Ó wà nínú ọkọ̀ mi. Mi ò lè wò ó, mi ò sì lè bà á jẹ́."

*

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, Dókítà Olúyínká ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí àwòrán náà lórí kọ̀ǹpútà. Catherine dúró lẹ́yìn rẹ̀, Dominic jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́. Sájẹ́ǹtì ti lọ pe Tíṣà Ọláfẹ́mi.

Àwòrán Adésànyà ló pọ̀ jù. Láràárọ̀ ló ń kọjá, àdá lórí èjìká, ọwọ́ kan sókè, ẹ̀rín lẹ́nu. Ó juwọ́ nígbà tí ìkùukùu bo gbogbo igbó. Ó juwọ́ nígbà tí ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Dókítà ń yí wọn kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn náà ni ẹtu dé, wáyà ti mú un lẹ́sẹ̀. Ó ti jà títí ó fi ṣubú. Àwòrán tó tẹ̀lé e ni Tíṣà, arúgbó, fìlà lórí, wáyà lọ́wọ́, ẹran níwájú rẹ̀.

"Ibí ni mo dúró," ni Dominic wí.

Dókítà tẹ̀ ẹ́ síwájú. Tíṣà ti kúnlẹ̀. Ó ti bọ́ fìlà, ó fi bo ojú ẹtu náà kí ẹ̀rù má bà á. Èyí tó tẹ̀lé e: ó ń fi ọwọ́ méjèèjì tú wáyà náà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Èyí tó tẹ̀lé e: wáyà ti tú. Èyí tó tẹ̀lé e: ìdí ẹtu nìkan ló kù tó ń wọ igbó, baba náà sì jókòó sílẹ̀ bọ̀ọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ní ìkẹyìn, ó ń ká wáyà náà sínú àpò.

Dominic ń wò ó. 

Ẹnu ọ̀nà ni ohùn ti dún. Tíṣà Ọláfẹ́mi ti dé, ìdì wáyà wà lábẹ́ apá rẹ̀. Sájẹ́ǹtì ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un lójú ọ̀nà. Baba náà gbé ìdì náà ka orí tábìlì, ó dún wàrà.

"Ọdún méjì ni mo ti ń tú u. Mi ò mọ ẹni tó ń dẹ ẹ́. Ohun tí mò ń ṣe, láàárín èmi àti Ẹlẹ́dàá mi ni." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Dominic. O rí i lábẹ́ ibùsùn mi ní ọjọ́ Àjíǹde?"

"Mo rí i, sà."

"A jọ jẹun lọ́jọ́ náà. A jọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. O ò bi mí."

"Mi ò bi yín, sà."

"Ó dá ọ lójú tó bẹ́ẹ̀ pé olè ni mí, tí o fi lọ jalè nítorí mi, tí o tún gbé e ka orí ọmọ ọlọ́mọ."

Dominic ti dọ̀bálẹ̀. Baba rẹ̀ kò ní kó dìde. Ó wá àga, ó jókòó, ó gbé fìlà lé orúnkún, ó sì dà bíi pé ọdún mẹ́wàá ti kún ọjọ́ orí rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ibẹ̀.

Catherine fi ìdì wáyà náà lé Sájẹ́ǹtì lọ́wọ́. "Ẹ wá ẹni tó ni èyí. Òun gan-an lẹ bá ti máa wá láti Sátidé." Lẹ́yìn náà ó fa ìwé síwájú, ó kọ orúkọ Dominic sí i. Kò gbádùn un, kò sì fò ó.

Wọ́n mú Adésànyà jáde. Dominic dọ̀bálẹ̀ fún òun náà, ní gbangba, pẹ̀lú bàtà tó ń dán. Adésànyà kò mọ ibi tó máa gbé ojú sí. "Ẹ dìde, sà," ló ń wí, "ẹ dìde."  Fàsílátù ti gbé agbọ̀n rẹ̀, ó ń wo ibi tí oòrùn dé.

Catherine mú ọ̀rá tí kóró kòkó wà nínú rẹ̀ láti Mọ́ńdè, ó fi lé Adésànyà lọ́wọ́. "Tìrẹ ni. Wọ́n kó o sílẹ̀ fún ọ."

Adésànyà ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀. "Ó ti ń bu, mà. Ṣùgbọ́n ẹ ṣeun." Ó dà á sínú agbọ̀n ìyàwó rẹ̀, ewé àti gbogbo rẹ̀, wọ́n sì yára lọ, nítorí ilẹ̀ kò tíì ṣú, kòkó sì wà lórí igi.

Ní Ọjọ́rú, Dókítà so kámẹ́rà padà mọ́ igi rẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀, ó fi àwòrán àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sórí fóònù Catherine. Adésànyà ni, ó ń kọjá lọ sóko láàárọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lára àdá, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. Kò juwọ́.